Ìdí Tí Mo Fi Ní Kí Wọ́n Yọ Ọ́ Kúrò

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ṣé ara le? Ṣé orúnkún tó ń dùn yín ti fúyẹ́ díẹ̀? Ara tèmi ti ń balẹ̀. Bàbá àwọn ọmọ àti àwọn ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní kí n kí yín.

Mo mọ̀ pé ẹ ti gbọ́ pé wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ohun tí mo lọ ṣe gan-an ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ lẹ́nu mi. Látìgbà tí mo ti bí àbígbẹ̀yìn yìí ni dókítà ti sọ pé ẹ̀jẹ̀ ríru tó mú mi dákú lórí ìkúnlẹ̀ lè pa mí bí mo bá tún lóyún.

Nọ́ọ̀sì tó ń rí sí ìfètòsọ́mọbíbí ya ilé ọmọ sórí bébà, pẹ̀lú ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí ẹyin ń gbà wọ inú rẹ̀. Ó ní ẹni tó bá ti bímọ tán lè ní kí wọ́n di ọ̀pá náà, tàbí kí wọ́n yọ méjèèjì dànù. Ihò kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdodo ni wọ́n ń gbà ṣe é. Nǹkan oṣù á ṣì máa wá bó ṣe ń wá. Ó ní yíyọ tiẹ̀ máa ń dín ewu oríṣi jẹjẹrẹ kan kù. Ó wá ní tọkùnrin ló rọrùn jù. Bàbá àwọn ọmọ, tá a jọ lọ, tó ti ń mirí látàárọ̀, bá rántí lójijì pé òun ò tíì pa ẹ̀rọ tí òun fi ń la pákó. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kí n tó yíjú.

Nọ́ọ̀sì ní, "Má yan dídì nítorí pé o rò pé wàá tú u o. Àwọn kan máa ń gbìyànjú ẹ̀, kì í sábà ṣeé ṣe." Ó bi mí bóyá nǹkan kan wà tó lè mú mi kábàámọ̀. Mo ní kò sí. Irọ́ ni mo pa.

Ẹ̀yin ni. Nílé ìdáná Màmá, lẹ́yìn oyún yín kẹta tó bàjẹ́, mo ní èyí tí mo bá tún bí, tiyín ni. Ẹ kun bẹ́ẹ̀dì kékeré kan ní funfun, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Mo bí àbígbẹ̀yìn yìí tán, mo ní kẹ́ ẹ dúró de èyí tó ń bọ̀, torí pé eléyìí ti mọ ọmú mi. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ pe ìnagijẹ mi, ẹ ní, "Abẹ́rẹ́, kò sí wàhálà." Kì í ṣe torí ọmú, ẹ̀gbọ́n mi. Mo wojú ọmọ náà, mi ò lè gbé e sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí.

Ó ti lé lọ́dún mẹ́rìndínlógún tí mo ti ń ránṣọ. Bí mo bá ká etí aṣọ sínú, oníbàárà á máa rò pé a ṣì lè tú u. Bí mo bá gé e, ọ̀rọ̀ tán. Bí wọ́n bá kàn dì í, ẹ ó máa retí, èmi náà á sì máa tàn yín lọ. Mo ní kí wọ́n yọ méjèèjì. Nígbà tí mo ń fọwọ́ síwèé, mo sunkún. Nọ́ọ̀sì rò pé abẹ ni mo ń bẹ̀rù, mo sì jẹ́ kó rò bẹ́ẹ̀.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ bú mi, ẹ bú mi, ó tọ́ sí mi. Kí Ọlọ́run tù yín nínú, kó fẹ̀mí gígùn jíǹkí yín, kí ilé yín má dákẹ́.

Àbúrò yín tó fẹ́ràn yín,
Abẹ́rẹ́

Àfikún: Ẹ má dá gbé bẹ́ẹ̀dì yẹn jáde. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí dókítà tó gbà kí n gbé nǹkan tó wúwo. Màá wá, a ó jọ gbé e.