Mo Ti Sọ fún Ilé Iṣẹ́ Yín Pé O Ò Mọ Nǹkan Kan Ṣe

Ọmọ mi àgbà, ìyá mi kékeré,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara le? Iṣẹ́ ńkọ́, yàrá tí o háyà ńkọ́, ṣé òrùlé rẹ̀ kò jò mọ́? Ọlọ́run á máa ṣọ́ àlọ rẹ, á sì ṣọ́ àbọ̀ rẹ. Ìyá rẹ ń kí ọ. Adìẹ funfun ti pa ọmọ. Àbúrò rẹ ti ríṣẹ́ ní ilé ìlagi tí mo ti lo ìgbà èwe mi, mo sì ti kìlọ̀ fún un kó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ mọ̀ pé ó lágbára.

Ẹ̀rù ló mú mi kọ lẹ́tà yìí. Láti ọjọ́ tí a ti rí ojú rẹ nínú fóònù aránṣọ tó wà nílé kejì ni ọkàn mi ò ti balẹ̀. Wọ́n de nǹkan mọ́ ọ lórí, ó bo etí rẹ méjèèjì, ọ̀pá kékeré kan sì yọ síwájú ẹnu rẹ. O rẹ́rìn-ín, o ní irinṣẹ́ ni, pé òun lo fi ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn oníbàárà. Ṣùgbọ́n mo ti rí ewúrẹ́ tí wọ́n dì lẹ́nu báyìí kó má baà jẹ oko olóko.

Ohun tí mò ń rò lọ́wọ́ nìyẹn tí ilé iṣẹ́ yín fi pè wá lórí fóònù aránṣọ. Obìnrin kan ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Mo kí i, kò dáhùn, mo béèrè ọkọ àti àwọn ọmọ rẹ̀, ó ń bá tirẹ̀ lọ, pé gbogbo ohun tí a bá sọ ni wọ́n máa gbà sílẹ̀. Níbo ni wọ́n ti ń gba ọ̀rọ̀ ẹni sílẹ̀ bí kì í bá ṣe àgọ́ ọlọ́pàá? Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin kan bọ́ sí i, ó ní ìwọ lo sọ pé mo mọ̀ ọ́ dáadáa, pé wọ́n fẹ́ mọ ibi tí agbára òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan wà kí wọ́n lè ràn án lọ́wọ́ kó dàgbà. Ó wá bi mí pé kí ni ọmọ mi mọ̀ ọ́n ṣe jù.

Ẹni ejò bù jẹ rí, bó rí ekòló, á sá. Nígbà tí mo dé ilé ìlagi, pákó kọ̀ọ̀kan ni gbogbo wa ń rù. Mo fi ṣeré ru méjì lọ́jọ́ kan, ọ̀gá pàtẹ́wọ́ fún mi, ó ní irú mi lòun ń wá. Bí méjì ṣe di ẹrù mi nìyẹn. Nígbà tó yá ó di mẹ́ta, ó ní òun fẹ́ kí agbára mi dàgbà ni. Agbára dàgbà lóòótọ́, ẹ̀yìn mi ni kò bá a dàgbà, òun náà ló jẹ́ kí n máa wolẹ̀ rìn bí ẹni tówó já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nítorí náà mo sọ fún ọkùnrin náà pé o ò mọ nǹkan kan ṣe. Ó ní bóyá mi ò gbọ́ ìbéèrè òun. Mo ní mo gbọ́ ketekete, pé oorun rẹ pọ̀, ọwọ́ rẹ ò yá, tí iṣẹ́ tó wúwo bá wà kí wọ́n gbé e fún ẹlòmíràn. Ó dúpẹ́. Inú mi dùn pé mo ti yọ ọmọ mi nínú ewu.

Aránṣọ tó gba fóònù lọ́wọ́ mi bá ọkùnrin náà sọ̀rọ̀ ló wá ṣàlàyé pé wọ́n ń wá ẹni tí wọ́n máa fi ṣe olórí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ ẹjọ́ ni, àti pé bóyá mo ti fẹnu mi gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ. Ẹyin lohùn, ó ti bọ́. Ìyá rẹ ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́.

Mo parọ́ mọ́ ọ ni, ọmọ mi. Mo mọ ohun tí o mọ̀ ọ́n ṣe. Ní kékeré rẹ, tí èmi àti ìyá rẹ bá ń bínú síra wa, ìwọ là ń rán. Màá ní kí o lọ sọ fún un pé ẹnu rẹ̀ ti pọ̀ jù, ìwọ á dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, wàá wọlé lọ sọ pé ó ti rẹ bàbá. Òun náà á ní kí o sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ mi ti sú òun, wàá dé ọ̀dọ̀ mi, wàá ní màmá ní ṣé ẹ ti jẹun. Ó pẹ́ ká tó mọ̀ pé ìwọ lò ń tún ọ̀rọ̀ wa ṣe lójú ọ̀nà. O ò sì parọ́, nítorí ó rẹ̀ mí lóòótọ́, ìyá rẹ sì fẹ́ mọ̀ bóyá mo ti jẹun.

Jọ̀ọ́, tówó bá wà, fi díẹ̀ ránṣẹ́ fún òògùn tí ìyá rẹ fi ń pa ẹ̀yìn fún mi, kí o fi ti káàdì fóònù tí a lò tán lọ́jọ́ tí a rí ojú rẹ, tí màá dá padà fún aránṣọ, kún un. Ọlọ́run á gbé ọ ga. Ohun tí o mọ̀ ọ́n ṣe kò ní ṣẹ́ ọ lẹ́yìn.

Jẹ́ kí n tún rán ọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Lọ sọ fún ọ̀gá rẹ pé bàbá rẹ ní o ò mọ nǹkan kan ṣe. Mo mọ̀ pé kí o tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, á ti di pé ẹ̀rù ló ba bàbá.

Èmi ni, bàbá rẹ.