Ibi Tí Abẹ́rẹ́ Ti Máa Ń Fò

Parakou, ọjọ́ Àìkú

Bàbá mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta,

Èmi ni. Ẹ má bínú pé lẹ́tà yìí pẹ́. Èdè wa ni mo fi kọ ọ́, mo sì ti ya bébà mẹ́rin dànù kí èyí tó dúró. Bíìkì búlúù ni mo fi ń kọ ọ̀rọ̀, pupa ni mo fi ń fi àmì sí i, bí ẹ̀yin ti máa ń ṣe. Nígbà tí mo wà ní Lyon, lẹ́tà yín á dé, àmì pupa á wà lórí rẹ̀ bí ata lórí ẹ̀wà, èmi á sì fi Faransé dá yín lóhùn. Màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi pé tíṣà kan ní Albarika lẹ máa ń gbé lẹ́tà mi lọ bá, kó lè túmọ̀ rẹ̀ fún yín. Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi? Ṣé ẹ rò pé mo ti gbàgbé pátápátá ni?

Nínú lẹ́tà tó kẹ́yìn, mo ní mò ń mú ẹ̀rọ kan tí ń fi àwo ṣe fíìmù bọ̀ fún yín. Mo mú un dé. Ẹ ti jáde láyé ní oṣù méjì kí n tó dé.

Ẹ̀rọ tiyín, èyí tí òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì tó ń gbẹ́ kànga fi sílẹ̀ fún yín nígbà tó ń padà sílé, wà lórí tábìlì yín síbẹ̀ ní Zongo, láàárín àwọn rédíò tí ẹ tú tí ẹ ò tíì tò padà. Àwo fíìmù òkun ṣì wà nínú páálí ike rẹ̀. Mo rántí bí ẹ ṣe máa ń ti páálí bọ ẹnu ẹ̀rọ, kí ẹ fà á yọ lófìfo, kí àwo kù sínú, kí abẹ́rẹ́ máa rìn lójú rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ nínú fíìmù náà. Ẹ̀yin tí Gẹ̀ẹ́sì yín ò ju ká kí èèyàn láàárọ̀ lọ, ẹ̀ ń túmọ̀ gbogbo rẹ̀ fún àwọn ará àgbàlá láìkọsẹ̀. Mo ti wá mọ̀ báyìí pé irọ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ìgbín òkun kì í gbàdúrà, Bàbá.

Níbi ẹja ńlá yẹn ni abẹ́rẹ́ ti máa ń fò. (Mo mọ̀ pé ó ní orúkọ. Mò ń bọ̀ wá síbẹ̀.) Abẹ́rẹ́ ti gba ibẹ̀ kọjá títí tó fi jẹ ojú àwo. A ó rí orí rẹ̀, a ó rí ojú rẹ̀, lẹ́ẹ̀kan náà ìrù la ó rí. Ikùn ò sí. Ẹ̀yin á wá sọ pé, «Abẹ́rẹ́ ti bu tirẹ̀. Èyí tó kù tó gbogbo wa.» Àgbàlá á rẹ́rìn-ín bíi pé wọn ò gbọ́ ọ rí.

Àwo tuntun tí mo rà, fíìmù òkun kan náà ló wà lórí rẹ̀. Mo wá a kiri nítorí yín. Ó ń dán bíi dígí, ìhòhò ló sì ń wọ inú ẹ̀rọ. Etí rẹ̀ nìkan lèèyàn ń dì mú. Kò sí abẹ́rẹ́ níbẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tín-ín-rín kan ló ń kà á láti ìsàlẹ̀, kò fara kàn án, nítorí náà kò lè jẹ ojú rẹ̀. Àwòrán rẹ̀ mọ́ ju tiyín lọ, mi ò ní purọ́ fún yín. Ó tún ní bọ́tìnnì kan tí ń dá àwòrán dúró, tí kò ní mì rárá. Tiyín ò lè ṣe ìyẹn. Ṣùgbọ́n tiyín á lo wákàtí kan kí ẹ tó yí àwo padà. Tèmi, bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, mo ti dìde. Ẹ̀rọ mi ò sì lè ka àwo yín, ẹ̀rọ yín ò lè ka tèmi. Ó dà bíi lẹ́tà wa nígbà náà.

Mo wá ṣe àṣìṣe kan. Mo fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ gàdàgbà sí ilẹ̀kùn atẹlíyé yín, ibi tí ẹ ti ń tún rédíò ṣe, pé: AWO TUNTUN DE. ENIKENI LE WA WO O. Mi ò fi àmì kankan sí i. Mo ní ta ló máa wo àmì. Kó tó di ọ̀sán, dẹlẹgé, ẹni tí ìjọba Ìyípadà fi ṣe olórí àdúgbò, ti dúró níwájú mi, ọmọ Kétu yẹn tí ẹ máa ń tún rédíò rẹ̀ ṣe.

«Kàmáráádì, awo wo lẹ fẹ́ dá sílẹ̀ ní Zongo? Ẹ ò gbọ́ pé ìjọba ò fẹ́ ẹgbẹ́ òkùnkùn mọ́?»

Mo sọ fún un pé kì í ṣe awo, àwo ni. Ohun tí mo rò pé mo sọ nìyẹn. Ohùn mi ti gbé e gba ibòmíràn, nítorí Àlàájà Ráfátù, tó ń ta aṣọ ní ọjà Arzèkè tí ilé rẹ̀ fara kan atẹlíyé, pàtẹ́wọ́.

«Ẹ gbọ́, ó tún un sọ. Ilẹ̀ Faransé ló ti lọ ṣe awo bọ̀.»

Dẹlẹgé ò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n ti ilẹ̀kùn. Tó bá di Sátidé, lẹ́yìn ìrun Alásárì, kí n fi nǹkan náà han gbogbo àgbàlá, kí n sì ṣàlàyé rẹ̀ lédè tó yé wọn, kì í ṣe Faransé. Bí kò bá yé wọn, á kó ẹ̀rọ méjèèjì lọ sí ọ́fíìsì kọ̀mítì, á sì ti atẹlíyé pa. Ẹ̀rọ méjèèjì, Bàbá. Tiyín náà.

Mi ò sunkún. Bíìkì pupa yín ni mo lọ wá. Gbogbo ọ̀sẹ̀ náà, Màmá ń bẹ iṣu, èmi ń kà á sí i létí: àwo tí à ń jẹun nínú rẹ̀, awo tí wọn kì í sọ fún ọ̀gbẹ̀rì, awò tí àgbàlagbà fi ń ríran. Bí mo bá ṣì í, á na ọ̀bẹ sí mi, màá sì tún bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì, mo nu ilẹ̀kùn, mo tún un kọ, gbogbo àmì rẹ̀ pé. Orúkọ ẹja ńlá yẹn nìkan ni ò wá. Màmá náà ò rántí. Ó ní, «Ẹja bàbá rẹ. Ohun tí mo máa ń pè é nìyẹn.»

Ní Sátidé, ẹ̀rọ tiyín ni mo kọ́kọ́ tàn, kí wọ́n lè rí abẹ́rẹ́. Ó dé ibẹ̀, ó fò. Kí n tó lanu, gbogbo wọn ti sọ ọ́ pọ̀: «Abẹ́rẹ́ ti bu tirẹ̀.» Mo ní láti kọjú sí ògiri díẹ̀.

Mo wá tan tèmi. Mo ní àwo ni èyí náà, ìmọ́lẹ̀ ló ń kà á.

Dẹlẹgé káwọ́ gbera lórí bẹ́ǹṣì iwájú. «Ìmọ́lẹ̀ wo ló ń kàwé?»

«Bí ojú yín ṣe ń ka ìwé ìròyìn ni, ẹ kì í fi èékánná họ ọ́.»

«Ó ti pa ọ́ lẹ́nu mọ́,» Àlàájà sọ fún un.

Orí ẹja ńlá náà yọ. Ojú rẹ̀ yọ. Kò fò. Ikùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀, ó ń bọ̀, ó ń bọ̀. Mo tẹ bọ́tìnnì. Ó dúró.

«Ta ló dá ikùn rẹ̀ padà?» Àlàájà ló béèrè, ohùn rẹ̀ ti rọ̀.

Orúkọ tí Faransé ń pè é ló wà lẹ́nu mi. Mo gbé e mì.

«Pè é lórúkọ,» dẹlẹgé ní.

Mo wo àwòrán náà. Kò lọ síbì kankan, ó ń dúró dè mí. Ohùn yín ni mo wá gbọ́ nínú ti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́rìn-ín: abẹ́rẹ́ ti bu tirẹ̀. Ó bù ú lọ́dún yẹn, ó bù ú títí, èyí tó kù sì tó gbogbo wa.

«Àbùùbùtán,» ni mo wí. «Abẹ́rẹ́ bù ú, bù ú, kò tán. Òun nìyí.»

Mo na ọwọ́ sí bọ́tìnnì kí fíìmù lè máa lọ. Dẹlẹgé ti ṣí fìlà rẹ̀.

«Má tíì jẹ́ kó lọ,» ó ní. «Ọmọ Bàbá, má tíì jẹ́ kó lọ.»

Kò pè mí ní kàmáráádì, kò sì kó ẹ̀rọ kankan lọ.

Lọ́la màá ṣílẹ̀kùn. Ẹ̀rọ méjèèjì á wà lórí tábìlì, màá sì parí àwọn rédíò tí ẹ tú. Ṣé ẹ mọ bí ikùn náà ṣe rí, Bàbá, àbí ẹ̀yin náà ò rí i rí? Funfun ni. Ìlà gígùn wẹ́wẹ́ ló kún un láti àgbọ̀n dé ìdodo, wọ́n tẹ̀lé ara wọn tímọ́tímọ́, bí ipa tí abẹ́rẹ́ ń tọ̀ lójú àwo yín.

Èmi ọmọ yín ni, tó fẹ́ràn yín, búlúù àti pupa.