Má Wọ Aṣọ Iṣẹ́ Lónìí

Moráyọ̀,

Má wulẹ̀ wọ aṣọ iṣẹ́. Ọ̀gá yín ní wọ́ọ̀dù pè nígbà tó o wà ní balùwẹ̀. Aláìsàn ò tún pọ̀ lónìí, wọ́n ń wá ẹni tó máa fínnúfíndọ̀ jókòó sílé láìgbowó.

Ṣé o rántí bí Ṣùpọ̀ ọkọ ẹ ṣe lérí lálẹ́ àná pé òun máa fi ohùn ẹ sọ “rárá” kan tí odò Thames máa ṣàn padà sẹ́yìn? Ó gbé fóònù lóòótọ́, ó ń han bí ológbò. Ọ̀gá ní, “Moráyọ̀, olóore wa, ṣé wàá fẹ́ sinmi? Kì í ṣe tipátipá o.” Phoebe tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ máa ń ní òun ò fẹ́, nǹkan kan ò sì ṣe é. Ìwọ nìkan lo máa ń gbọ́ ọ bí àṣẹ àgbà. Ṣùpọ̀ ti fi ìyẹn bú ẹ títí, torí lọ́yà wa ti kìlọ̀ pé bí ọjọ́ àìgbowó bá tún fi ẹyọ kan lé sí i, ìwé ìgbélùú wa tó rọ̀ mọ́ iṣẹ́ ẹ lè bàjẹ́.

Moráyọ̀, orúnkún ọkọ ẹ ti kan ilẹ̀ kó tó mọ̀. “Ẹ ṣé mà. Kò burú mà.” Ẹnu tó lérí ló ń dúpẹ́.

Ẹ̀wà wà nínú ìkòkò. Bí Mummy bá pè láti ṣọ́ọ̀ṣì, bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dẹwọ́ àdúrà fún àwọn aláìsàn, ó ti ń gbà jù. Mo ti sá lọ síbi iṣẹ́ ní Powis Street, mi ò lè wo ojú ẹ. Mo tú gbogbo ara mi wò bí àpò, mi ò bá “rárá” kankan níbẹ̀.

Ṣùpọ̀