Òòfà Tí Mo Gbàdúrà Kó Pòórá

Ọjọ́ Ajé, 4 oṣù Kọkànlá. Daejeon
Ọ̀jọ̀gbọ́n Maeng — Olóhùn-Jẹ́jẹ́, inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pè é bẹ́ẹ̀ — fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì péré sí i. Òkúta dúdú wa, òòfà ni. Gbogbo wa la mọ ìyẹn. Ṣùgbọ́n bí a bá bó o títí tó fi ku awẹ́ kan ṣoṣo, tí kò lè fẹ́lẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ mọ́, ṣé yóò ṣì jẹ́ òòfà? Ó ní kò dá òun lójú. Bí n kò bá rí i, iṣẹ́ bátìrì ló kàn. Èmi àti bátìrì? Ká má rí i!

Ọjọ́rú, 6
Sẹ́lótéèpù ni mo fi ń bó o, nínú àpótí gíláàsì tí atẹ́gùn kì í wọ̀, torí kíá ni atẹ́gùn ń bà á jẹ́. Ẹ̀gbọ́n Tak, tó ṣáájú mi ní láàbù, yọjú: "Bo-ram, ṣé àlùbọ́sà yẹn lo ṣì ń bó? Omi ò tíì bọ́ lójú ẹ?" Mo ní kó máa lọ jẹun ọ̀sán ẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 8
Ó fọ́. Gbogbo ẹ̀ fọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12
Mo rí awẹ́ kan! Mo gbé e sínú ẹ̀rọ tó tutù ju yìnyín lọ fíìfíì, mo tan ìmọ́lẹ̀ sí i. Ìmọ́lẹ̀ náà yí díẹ̀ bó ti ń padà bọ̀, àmì tí a ń wá — òòfà! Mo fò sókè, mo forí gbá pákó. Kò dùn mí rárá.

Ọjọ́rú, 13
Ẹ̀gbọ́n Tak ba adùn jẹ́. "Ẹ̀mú irin lo fi gbé e, àbí? Bí eruku irin bá lẹ̀ mọ́ ọn ńkọ́?" Inú bí mi, torí òótọ́ ni. Ó ní òun ò ní sọ fẹ́nì kan. Mo lè dákẹ́… Mo rò ó ju bó ti yẹ lọ.

Ọjọ́bọ̀, 14
Mo lọ jẹ́wọ́ fún Olóhùn-Jẹ́jẹ́. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "Mú un móoru díẹ̀díẹ̀. Ooru kékeré kò lè gba agbára òòfà lọ́wọ́ irin. Awẹ́ tìẹ ni yóò pàdánù rẹ̀." Ohun tí mo ti ń wá láti ọdún tó kọjá, òun ni mo wá ń gbàdúrà pé kó pòórá!

Ọjọ́ Ẹtì, 15
Àwa mẹ́ta níwájú kọ̀ǹpútà. Ooru ń gòkè. Ẹ̀gbọ́n Tak ń ka nọ́ńbà bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù. Agbára òòfà ń rẹlẹ̀, ó ń rẹlẹ̀ — ó tán! A hó yèè. A mú un tutù; ó padà wá. Olóhùn-Jẹ́jẹ́ ní, "Kọ ọ́ síwèé. Orúkọ ẹ ni kó ṣáájú tiwa."

Mo pe ìyá mi nílé wa ní Sokcho. "Òòfà? Kí ló ń fà?"
"Kò tíì fa nǹkan kan, Mọ́mì."
"Irọ́ ni. Ọdún mẹ́rin rèé tó ti fà ọ́ kúrò nílé."
Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì ọ̀la.