Ilẹ̀kùn Ọlọ́wọ́ Òsì

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Kejì

69.10! Àná, ní Santa Fe. Mo tún un kọ kí ọwọ́ mi lè gbà á gbọ́: mítà 69.10. Orúkọ mi ti wọ ìwé àwọn tó ń lọ sí Asunción fún Ìdíje Gúúsù Amẹ́ríkà, ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹrin. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń yí bí òkòtó nítorí ọjọ́ yìí.

Ìwé méjì ni mo ń kọ báyìí. Èyí tó ní èèpo pupa, Àṣá ló ń kà á ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì: iye ìgbà tí mo ju òòlù, iye wákàtí tí mo sùn, ibi tó ń dùn mí. Àṣá ni Anselmo Brizuela, olùkọ́ mi. Ojú rẹ̀ kì í ṣẹ́ tó bá ń wo ẹsẹ̀ ènìyàn. Òun náà ju òòlù fún Argentina rí, ó ṣe ipò karùn-ún níbì kan, kò sì jẹ́ ká gbàgbé. Ìwé kejì nìyí. Èdè bàbá mi ni mo fi ń kọ ọ́. Àṣá kò lè kà á. Kò sí ẹni tó lè kà á ní gbogbo ìlú Concordia.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Bàbá Pápá bá ilẹ̀kùn jà lónìí. Ilẹ̀kùn àwọ̀n méjì ló wà níwájú ilé àwọ̀n tí a ti ń ju òòlù, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, wọ́n ga ju òrùlé lọ. Tí Tadeo àti àwọn yòókù ní kọ́lọ́bù bá fẹ́ jù, ti òsì la máa ń tì. Tó bá kan èmi, àfi ká ṣí ti òsì, ká ti ti ọ̀tún, torí pé òdìkejì gbogbo ayé ni mò ń yí sí. Èmi nìkan ni ọlọ́wọ́ òsì ní kọ́lọ́bù wa. Súrdà ni wọ́n ń pè mí. Bí wọ́n ṣe ń pe irú wa níbí nìyẹn.

Ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn ti dípẹtà. Bàbá Pápá (Don Evaristo Lezcano, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, itan ń dùn ún) á fi èjìká tì í, á máa mí hẹlẹ. Ìṣẹ́jú mẹ́rin gbáko. Ó ní, "Mo lè mu ife tíì máté kan tán kí n tó parí èyí, torí ìwọ nìkan! Kí ló dé tí ìyá ẹ ò bí ẹ bí wọ́n ṣe ń bí ọmọ?" Mo ní kó lọ bi ìyá mi. Ó ní rárá o, ẹ̀rù ìyá mi ń ba òun.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti ń tọ́jú pápá yẹn. Ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni kò kán sílẹ̀ nínú àwọ̀n òun rí. Ó máa ń sọ ọ́ bí ẹni ń ka àdúrà. Òun ló fi awọ gàárì àtijọ́ rán ibọ̀wọ́ mi, torí pé ti ọlọ́wọ́ òsì ṣọ̀wọ́n lọ́jà.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejì oṣù Kẹta

Ìyá Àgbà pè láti Ìjẹ̀bú-Igbó. Àbúrò bàbá bàbá mi ni wọ́n. Wọ́n tún èdè mi ṣe nígbà mẹ́fà, mo kà á. Wọ́n tún bi mí léèrè iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Mo ní òòlù. "Gbẹ́nàgbẹ́nà ni ẹ́?" Rárá, Ìyá. Irin rogodo ni, kílò mẹ́rin, wáyà ló so ó mọ́ ohun ìdìmú. Mo máa yí lẹ́ẹ̀mẹrin, mo máa jù ú síwájú, ó di ọ̀nà jíjìn. Wọ́n ní, "Ta ló ṣẹ̀ ẹ́?"

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Wọ́n bi mí pé ọwọ́ wo ni mo fi ń jù ú. Mo ní méjèèjì. Kì í ṣe irọ́ tán. Ọwọ́ méjèèjì ló di irin mú, apá ibi tí mò ń yí sí ló yàtọ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí wọ́n ń bi mí. Bàbá mi a máa na ọwọ́ òsì mi nídìí oúnjẹ. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Ọdún kẹfà rèé tí bàbá mi ti ṣaláìsí. Wọn ò rí 69.10.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Bàbá Pápá wà nílé ìwòsàn. Mi ò lè kọ ọ́.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Kí n kọ ọ́ bó ṣe rí, kó tó di nǹkan mìíràn lẹ́nu àwọn ènìyàn. Kó tó di nǹkan mìíràn lẹ́nu tèmi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Mo ti jù dáadáa: 68, 68, ó lé ní 69. Tadeo wọlé lẹ́yìn mi, wọ́n yí ilẹ̀kùn fún un, ó jù, ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ sílé. Oòrùn ti ń wọ̀ lẹ́yìn oko ọsàn. Ara mi ṣì gbóná. Mo ní mo fẹ́ jù lẹ́ẹ̀kan sí i.

Bàbá Pápá ti fi èjìká ti ilẹ̀kùn. Mo ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, Don Eva. Ilẹ̀ ń ṣú. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni." Ó wo Àṣá. Àṣá wo aago ọwọ́ rẹ̀. Bàbá Pápá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìwọ lo sọ ọ́ o, Súrdà." Ó lọ sídìí bárò rẹ̀ lápá ọ̀tún, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti mú fúláàsì omi máté.

Ìyí kìíní dára. Ìkejì dára. Ní ìkẹta, gìgísẹ̀ mi yọ̀ — ìrì tàbí òógùn, mi ò mọ̀. Wáyà bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ kó tó yẹ. Mo gbọ́ ìró kan. Irin kì í dún báyẹn lórí koríko.

Ẹsẹ̀ Bàbá Pápá ló bà. Ó ṣubú, orí rẹ̀ gbá etí kọnkéré. Fúláàsì fọ́. Omi gbígbóná ń ṣàn lórí koríko, ó ń rú èéfín. Èéfín yẹn ni mò ń rí. Tí ilẹ̀kùn bá wà níbi tó yẹ kó wà, àwọ̀n ì bá ti gba irin náà, wọn ì bá sì ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lọ sílé.

Mo ń sọ fún ara mi pé àánú itan rẹ̀ ló ṣe mí. Irọ́. 70 ni mò ń wá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Wọ́n ti gé ẹsẹ̀ náà lábẹ́ orúnkún. Kò tíì lajú. Mirta, ọmọ rẹ̀ obìnrin, jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, ó po máté, ó gbé e fún mi. "Mu ún, ọmọ, ìwọ náà ti gbẹ." Mo mu ún. Mi ò wo ojú rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Ìgbìmọ̀ kọ́lọ́bù ń bèèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ àwa tó wà níbẹ̀. Àṣá ti bá mi tẹ tèmi sórí ìwé láti ilé. "Ọ̀gbẹ́ni Lezcano, ẹni tí yíyí ilẹ̀kùn jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀, gbàgbé láti yí i." Mo ní bẹ́ẹ̀ kọ́ ló ṣe ṣẹlẹ̀. Kò bínú. Ì bá sàn kó bínú. Ó ní, "Gbọ́ mi, Súrdà. Ọkùnrin yẹn lè má jí. Tó bá tiẹ̀ jí, ó ti kúrò ní pápá nìyẹn. Ẹsẹ̀ ẹ̀ á hù padà tó o bá sọ òtítọ́? Wọ́n á yọ ẹ́. O ò ní rí Asunción, o ò ní rí ohunkóhun. Ẹni ọdún mẹ́tàlélógún."

Ó fa àga, ó jókòó. Ó wá sọ ọ́ jẹ́jẹ́: "Lẹ́yìn ẹ, mi ò ní ẹlòmíì mọ́."

Mo bi í bóyá òun náà gbọ́ ohun tí mo sọ lọ́jọ́ náà. Ó ní òun ń wo aago.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Mo ti fọwọ́ sí i. Ọwọ́ ọ̀tún, bí bàbá mi ṣe kọ́ mi. Ó mọ́ rekete.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Ó lajú!

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Ìyá Àgbà ní ohùn mi kò dáa. Mo ní bàbá kan fara pa ní pápá wa. "Ta ló ṣe é léṣe?" Mo ní ilẹ̀kùn ni. Wọ́n ní, "Ilẹ̀kùn ò lọ́wọ́, ọmọ mi."

Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa. Mo pa fóònù.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlógún

Mo padà sínú àwọ̀n. Ẹni tuntun ló ń yí ilẹ̀kùn, ó lágbára, kì í sọ̀rọ̀. 64. 61. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo jù ú sára àwọ̀n. Mi ò lè wo apá ọ̀tún. Nínú ìwé pupa: oorun, wákàtí mẹ́jọ, ìrora, kò sí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlélógún

Wọ́n gbà mí láyè láti rí Bàbá Pápá. Aṣọ ìbora lọ pẹrẹsẹ níbi tó yẹ kí ẹsẹ̀ wà. Ó ní òun rántí pé òun ra búrẹ́dì láàárọ̀ ọjọ́ náà, pé búrẹ́dì náà gbóná. Lẹ́yìn ìyẹn, òkùnkùn. Mirta ló ka ìwé kọ́lọ́bù fún un.

Ó di ọwọ́ mi mú. Mi ò mọ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀. Ó ní: "Dárí jì mí, ọmọ. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, kí n wá fi í sílẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹ̀rù á máa bà ẹ́ báyìí tó o bá wọnú àwọ̀n. Èmi ni mo kó o bá ẹ. Dárí jì mí."

Mi ò sọ nǹkan kan.

Mi ò sọ nǹkan kan!

Mirta sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Ó ní bàbá òun ti ní kí òun dá kọ́kọ́rọ́ pápá padà fún kọ́lọ́bù. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ta káàdì wá, ó kọjú sí ògiri. "Kì í sunkún ẹsẹ̀ ẹ̀ rárá. Ilẹ̀kùn yẹn ló ń sunkún ẹ̀."

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Mo rìn dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn. Mo padà.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin

Aṣọ Argentina dé. Àwọ̀ ojú ọ̀run àti funfun, orúkọ bàbá mi lẹ́yìn: OGUNSOLA, láìsí àmì kankan. Ìyá mi lọ̀ ọ́, wọ́n fi kọ́ sára ilẹ̀kùn yàrá mi. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ gbé e síbòmíràn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ karùn-ún

Ní yàrá ìpààrọ̀ aṣọ, ẹnì kan fi ilẹ̀kùn sílẹ̀, afẹ́fẹ́ tútù ń wọlé. Tadeo pariwo: "Ta ló tún ṣe Lezcano?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Wọ́n ti ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n ní. Ẹni tó bá fi géètì sílẹ̀, ó ṣe Lezcano. Ẹni tó bá gbàgbé ibọ̀sẹ̀, ó ṣe Lezcano. Àṣá ń kọjá lọ, ó gbọ́, òun náà rẹ́rìn-ín — díẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu.

Wọ́n ti sọ orúkọ rẹ̀ di èyí. Èmi ni mo sọ ọ́ di èyí.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ keje

Mo lọ bá ìgbìmọ̀. Ènìyàn márùn-ún, tábìlì gígùn kan. Àṣá wà níbẹ̀, wọ́n pè é. Mo ní ìwé tí mo fọwọ́ sí kì í ṣe òtítọ́, Don Evaristo fẹ́ yí ilẹ̀kùn, wọ́n dá a dúró ni. Ààrẹ kọ́lọ́bù, Señora Etchart, yọ awò ojú rẹ̀. "Ta ló dá a dúró?"

Ọwọ́ mi ló dáhùn. Mo fi júwe ara mi. Òsì ni — mi ò ronú sí i, òun ló yá jù. Mo rántí bàbá mi. Mi ò gbé e sílẹ̀.

Wọ́n kọjú sí Àṣá. Wọ́n ní ṣé ó gbọ́ ohun tí mo sọ lọ́jọ́ náà? Ó ní, "Mo gbọ́." Ó mú fìlà rẹ̀, ó jáde. Kò wò mí. Bí ó ṣe ń kọjá, mo rí i pé ó ti darúgbó.

Ìdádúró ọdún méjì ni wọ́n fún mi. Wọ́n ti pè lórí fóònù pé kí wọ́n yọ orúkọ mi kí n tó dé ilé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹjọ

Mo sọ fún Bàbá Pápá. Mo dúró, mi ò jókòó. Mo sọ gbogbo rẹ̀: oòrùn, èjìká rẹ̀ lára ilẹ̀kùn, ohun tí mo sọ, ìwé tí mo fọwọ́ sí. Mirta gbé ife rẹ̀ sílẹ̀.

Bàbá Pápá wá ní, "Ìyẹn ni pé mi ò gbàgbé." Ó tún un sọ, ó kọjú sí Mirta: "Ṣé o gbọ́? Mi ò gbàgbé o." Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ń ṣàn wọ etí. Ó bi mí pé kí ni òun wá sọ lọ́jọ́ náà. Mo ní, "Ẹ ní, 'Ìwọ lo sọ ọ́ o, Súrdà.'" Ó mi orí. Ó mọ ohùn ara rẹ̀.

Mo kúnlẹ̀. Níbí kì í ṣe àṣà wọn. Mi ò mọ nǹkan mìíràn tí mo lè ṣe. Ó ní kí n dìde. Ó ní, "Máa lọ. Má wá síbí mọ́." Kò pariwo.

Kí n tó dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo gbọ́ ọ tó ń sọ fún Mirta: "Lọ gba kọ́kọ́rọ́ mi wá."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlá

Lónìí ni wọ́n ń ju òòlù ní Asunción. Mi ò tan tẹlifíṣọ̀n.

Òòlù ni wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Wọn ò ní kí n má dé pápá. Mo lọ, mo jókòó, mo dúró títí oòrùn fi dé ibi tó wà lọ́jọ́ yẹn lẹ́yìn oko ọsàn. Kò sí ẹnikẹ́ni. Wọ́n ti fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún ọlọ́wọ́ ọ̀tún.

Mo wọ ibọ̀wọ́ awọ gàárì. Mo ṣí ti òsì. Mo fi èjìká ti ti ọ̀tún. Ó wúwo ju bí mo ṣe rò lọ, ó ń ké bí ẹran. Ọdún mẹ́sàn-án, mi ò ran Bàbá Pápá lọ́wọ́ rí lẹ́ẹ̀kan. Mo tì í títí ó fi bọ́ sí àyè rẹ̀. Mo wo aago.

Ìṣẹ́jú mẹ́rin. Mo gbójú sókè. Mo ṣì ń rí koríko títí dé òpin pápá. Ilẹ̀ kò tíì ṣú.