Ẹ̀gbà Ọwọ́ Tó Ń Kọrin: Ìgbésí Ayé Bàbá Gbinrin, Alágbẹ̀dẹ Wúrà

Ní ọdún 1942 ni a bí olóògbé, ní yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù bàbá wọn, ní òpópónà àwọn aránbàtà. Bàbá wọn jẹ́ alágbẹ̀dẹ tí ń tún kọ́kọ́rọ́ ṣe. Ìyá wọn jẹ́ aránṣọ tí ń kọrin bá ẹ̀rọ rẹ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. A kò bí ọmọ mìíràn lẹ́yìn wọn. Àwọn nìkan ni wọ́n jogún ọmọ owú bàbá wọn àti ìfẹ́ orin ìyá wọn. Ohùn ìyá ni kò bá ogún náà wá.

Ní 1949 ni wọ́n wọ iléèwé. Ẹbí kò ní purọ́ mọ́ òkú: ìwé kò fi bẹ́ẹ̀ wọ bàbá lórí. Ohun tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn rántí ni pé wọ́n fi eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ agogo iléèwé, tó ti dúdú bí ìdí ìkòkò, títí olùkọ́ àgbà fi ń wo fìlà rẹ̀ nínú rẹ̀ bí ẹni wo dígí. Láti ìgbà náà ni "Gbinrin" ti lẹ̀ mọ́ wọn, tí orúkọ tí òbí sọ wọ́n sì kù sínú ìwé ìrìbọmi.

Wọ́n kọ́ṣẹ́ alágbẹ̀dẹ wúrà, wọ́n sì gba òmìnira ní 1964. Ní 1967, nọ́ọ̀sì kan mú aláìsàn tí òrùka há mọ́ lọ́wọ́ wá. Bàbá gé òrùka náà, wọ́n ní àwọn kò gba kọ́bọ̀, àfi kí nọ́ọ̀sì náà gba òrùka tirẹ̀. Ó gbà á. Òun ni opó tí ẹ ń bá kẹ́dùn lónìí.

Ní 1979 ni bàbá bẹ̀rẹ̀ ohun tó sọ wọ́n di gbajúmọ̀: ohun ọ̀ṣọ́ tí a lè fi kọrin. Wọ́n ṣe fèrè tí kò tó ìka ọmọdé, tí a ń fi kọ́ ọrùn. Wọ́n ṣe òrùka tí okùn tín-ín-rín ta lójú rẹ̀ bí dùùrù. Àwọn ọlọ́lá rà á wìtìwìtì, wọn kò sì fi kọ orin kankan. Ìyàwó máníjà báńkì kan wọ fèrè tirẹ̀ lọ síbi àpèjẹ gbogbo, ìgbà tí bàbá bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fọn ọ́n, ó ní, "Bàbá Gbinrin, ṣé ẹ fẹ́ kí ọ̀dà ètè mi bàjẹ́ ni? Ẹ ṣáà jẹ́ kó máa dán."

Èyí dun bàbá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àkọ́bí wọn obìnrin dùn wọ́n jù. Olùkọ́ orin ni, òun sì ni aṣáájú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa; etí rẹ̀ mú bí abẹ. Gbogbo ohun tí bàbá bá gbé fún un, yóò dán an wò, yóò dá a padà: "Bàbá, ó rẹwà. Ohun ọ̀ṣọ́ ni. Kì í ṣe ohun èlò orin." Kí ọmọ yìí yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà ni bàbá ń wá láyé.

Ìgbéyàwó rẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀ ní 1998 nígbà tí bàbá ṣe ẹ̀gbà ọwọ́ kan fún un. Ahọ́n idẹ méje ni a tò sórí rẹ̀, èékánná ni a fi ń ta wọ́n. Bí ahọ́n bá ṣe kúrú tó ni ohùn rẹ̀ ṣe ń ga tó. Ọmọ jókòó ti bàbá ní ṣọ́ọ̀bù títí ohùn fi pé. Ó ní ẹ̀gbà náà ni òun yóò fi mú ohùn ìbẹ̀rẹ̀ orin fún ẹgbẹ́ akọrin lọ́jọ́ náà, láìsí dùùrù. Bàbá kò lè jẹun fún ayọ̀.

Àárọ̀ ìgbéyàwó, bàbá rí i pé ẹnu àwọn ahọ́n náà ṣì rí hàràhàrà. Alágbẹ̀dẹ wúrà wo ni yóò rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tí yóò mójú kúrò? Wọ́n ha á, wọ́n dán an, ahọ́n sì kúrú. Nínú ìjọ, ìyàwó ta ẹ̀gbà, ẹgbẹ́ akọrin gbé orin. Kí wọ́n tó dé ègbè, àwọn obìnrin olóhùn òkè ti ń ké bí ẹyẹ tí ológbò ká mọ́ àjà, àwọn yòókù sì ti panu mọ́. Ìyàwó bọ́ ẹ̀gbà, ó fi sápò ọkọ rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ni ó ti dá bàbá dúró.

"Bàbá, kí lẹ ṣe sí i?"

"Mo kàn nu ojú rẹ̀ díẹ̀ ni, ìyá mi. Kó lè yọ nínú fọ́tò."

"Ó yọ, Bàbá. Gbogbo ìjọ ló rí wa."

Ó ń wá kí àwọn òbí rẹ̀ nílé, ṣùgbọ́n kò tẹ ṣọ́ọ̀bù mọ́. Bàbá wá dáwọ́ lé ẹ̀gbà mìíràn. Wọ́n kó aṣọ tí wọ́n fi ń dán nǹkan fún ìyàwó wọn, ó ti àwọn aṣọ náà mọ́ àpótí bí oògùn olóró. Bí ẹ̀gbà náà ṣe jáde nínú iná, dúdú, hàràhàrà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi í sílẹ̀. Àwọn alágbẹ̀dẹ ẹgbẹ́ wọn ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀: "Bàbá Gbinrin, ṣé irin ààrò lẹ wá ń tà ni?" Bàbá mú un mọ́ra.

Ní 2001 ni ọmọ tún wọ ṣọ́ọ̀bù. Ó ta gbogbo ahọ́n náà, ó tún wọn ta.

"Bàbá, ó burẹ́wà."

"Mo mọ̀."

"Ohun èlò orin ni."

Bàbá bọ́ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ní eruku ló kó sí àwọn lójú, nínú ṣọ́ọ̀bù tí ẹnikẹ́ni kò rí eruku rí. Láti ìgbà náà, ẹ̀gbà yẹn ni ìjọ wa fi ń mú ohùn.

Ní ilé ìwòsàn, nígbà tí ọ̀rọ̀ ti wọ́n bàbá lẹ́nu, wọ́n di ọwọ́ ọmọ wọn mú, wọ́n fi etí aṣọ ibùsùn bẹ̀rẹ̀ sí í nu ẹ̀gbà tó wà lọ́rùn-ọwọ́ rẹ̀. Ìyá fẹ́ dá ọwọ́ wọn dúró. Ọmọ ní, "Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, Mọ́mì." Wọ́n nù ún títí oorun fi gbé wọn lọ. Wọn kò jí mọ́.

Bàbá fi aya, ọmọ mẹ́rin, ọkọ ọmọ, àwọn ìyàwó ilé, ọmọ-ọmọ mọ́kànlá àti ọ̀pọ̀ ọmọṣẹ́ sáyé lọ.

Ẹbí ń tọrọ ohun kan. Níbi tí wọ́n ti ń nu ẹ̀gbà náà, àtàǹpàkò bàbá ti ti ahọ́n kan wọlé díẹ̀, ohùn rẹ̀ sì ti ga. Èékánná lásán tó láti fà á padà. Àkọ́bí wọn kò fà á. Ahọ́n yẹn gan-an ni yóò ta fún orin àkọ́kọ́ lónìí. Bí orin bá ga jù, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa gbé e bẹ́ẹ̀.

Ẹ sùn re o, Bàbá. Ó ti dán tó.