Gbòǹgbò Wo Lo Bi Mí?

Abà Sàlámì, lójú ọ̀nà Ìwó,
Ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun Àsárì.

Tàófíìkì ọmọ mi, Àjàní,

Àlàáfíà Ọlọ́run kó máa bá ọ gbé níbi tí o wà. Ṣé ara le? Ṣé omi gọ́tà Ajégúnlẹ̀ tí ìyá rẹ máa ń bẹ̀rù yẹn ò tíì kó àìsàn bá ọ? Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí a fi ẹkún pe orúkọ ara wa. Bí o bá béèrè wa, a wà, a ò kú, ṣùgbọ́n n ò ní purọ́ fún ọ, inú wa ò dùn, ilé dákẹ́ bí ilé tí wọ́n ti jí ewúrẹ́ gbé. Ewúrẹ́ náà wà o, ó tilẹ̀ bí ìbejì, òjò sì ti rọ̀, àgbàdo ti yọ irùngbọ̀n, ṣùgbọ́n ta ló ń wo àgbàdo?

Ummusalamah àbúrò rẹ ò yege. Mo kọ ọ́ ṣókí báyìí nítorí bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún èmi náà nìyẹn. Ìdánwò tó fẹ́ fi wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì, gbogbo ìyókù ló ṣe dáadáa, ìṣirò ló gbé e ṣubú, àní ìṣirò tí ìwọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ́ ọ. Láti ọjọ́ tí èsì ti jáde ló ti kó àwọn ìwé rẹ̀ sínú àpò sìmẹ́ǹtì, ó so ó lẹ́nu, ó gbé e sẹ́yìn ìkòkò omi. Ìyá rẹ bẹ̀ ẹ́ títí, ó ní kò sí ohun tí òun tún fẹ́ fi wọ́n ṣe. Kò sunkún. Ká ní ó sunkún ni, ọkàn mi ì bá balẹ̀ díẹ̀.

Mo fẹ́ kí o ṣàlàyé fún mi, Tàófíìkì, nítorí ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ìwé kọ́bọ̀. Ìwọ lo sọ fún wa pé ìwọ àti Omoefe, ọmọbìnrin tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà yín ní Boundary, ti ṣí lẹ́sìnnì sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, pé ọmọ tó bá wà níbikíbi lè ṣí i lórí fóònù kí ó sì máa kẹ́kọ̀ọ́ ìṣirò. O fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi, mo gbé e dé mọ́ṣáláṣí, mo fi han gbogbo èèyàn, àwọn tí kò mọ ìwé gan-an wò ó, wọ́n ní ó dára. Nígbà tí ìyá rẹ rí i pé àmì owó dọ́là ló wà níwájú ìṣirò kọ̀ọ̀kan, tí òmíràn tún wà lẹ́yìn rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, ó ní iṣẹ́ Tàófíìkì ti di ti dọ́là. Àwọn àpótí kéékèèké kan sì wà níbẹ̀ tí kò sí nǹkan kan nínú wọn. Mo sọ fún Ummusalamah pé kí ó má bẹ̀rù, pé àyè ìdáhùn ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un.

Tíṣà Afọlábí tó ń kọ́ àwọn ọmọ abà wa ní ìṣirò wá wò ó. Ó wọ awò ojú rẹ̀, ó wò ó títí, ó ní kí n pe ọmọ mi, pé nǹkan kan ò sí níbẹ̀ tó yẹ kó wà níbẹ̀. Inú bí mi. Mo ní ojú rẹ̀ ni nǹkan ò sí. Mo ní ẹ̀gbẹ́ Àpápá ni ọmọ mi ń gbé, níbi tí ọkọ̀ òkun ti ń já ẹrù ìlú òyìnbó, ṣé ohun tó wá láti irú ibẹ̀ ló máa dín? Ó dìde, ó kí ìyá rẹ, ó lọ. Mo wá sọ fún Ummusalamah pé kò gbọdọ̀ lọ sí lẹ́sìnnì tíṣà náà mọ́, pé kí ó jókòó ti fóònù mi. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n, kì í jiyàn. Láti ìgbà tó ti kúrò ní súkúù tó ń bá ìyá rẹ̀ yan gàrí, ìṣirò tó mọ̀ ti ń fò lọ, nítorí náà ohun tó bá rí lórí fóònù ló ń há sórí bó ṣe rí i gẹ́lẹ́.

Nígbà tó yá ni Àkànó, awakọ̀ tírélà, ń bọ̀ láti Malu Road lọ́dọ̀ yín lọ́hùn-ún tó yà kí wa. Ó ní òun dé ṣọ́ọ̀bù yín, òun rí i tí ẹ̀yin méjèèjì ń bá ẹ̀rọ ṣe wàhálà, pé Omoefe ń sọ ọ́ ní pijin rẹ̀ pé nà Bíráúsà, tó ń bá fóònù ṣí íńtánẹ́ẹ̀tì, ló ń dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní àwọn Bíráúsà náà pọ̀, ọ̀kan ń fi ìṣirò hàn bó ṣe yẹ, òmíràn ń gé e lórí, ó ń fi dọ́là àti àpótí òfìfo rọ́pò rẹ̀, àti pé èyí tó wà lórí fóònù Bàbá ló burú jù nítorí ó ti darúgbó. Kí ni mo ṣe fún Bíráúsà, Tàófíìkì? N ò mọ ìdílé rẹ̀, n ò gba ilẹ̀ rẹ̀. Tí èèyàn bá ti darúgbó, ṣé iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ ló yẹ kó máa fi pamọ́? Mo ti fi ẹjọ́ rẹ̀ sun Ọlọ́run lórí ìrun.

Kí a wá padà sí ọjọ́ tí o pè mí. O ní o ti tún iṣẹ́ náà ṣe. Ummusalamah lọ pọnmi, èmi nìkan ni mo wà nílé. O ní kí n tì í, kí n tún un ṣí. Mo ti ilẹ̀kùn, mo sì tún un ṣí. Nítorí o mọ̀ pé n ò gbọ́ òyìnbó, Yorùbá lo fi bi mí, o ní, "Bàbá, ẹ wò ó dáadáa, ṣé gbòǹgbò ti ń hàn báyìí?" Mo gbé fóònù sétí, mo jáde lọ sídìí igi máńgòrò tí o gbìn lọ́dún tí o ka Kùránì tán, nítorí mo ti ń ráhùn fún ọ tẹ́lẹ̀ pé omi òjò ń wọ́ ilẹ̀ ìdí rẹ̀ lọ. Mo ní ó ń hàn kedere, mo ní ẹni tó ń kọjá lójú títì gan-an lè rí i. O ní Alhamdulilahi, ó ti tán nìyẹn, kí àbúrò rẹ máa kà á lọ. Ẹnu yà mí. Irú ọmọ wo ló ń dúpẹ́ pé gbòǹgbò igi òun ti hàn síta? Mo rò pé Èkó ti yí ọ lórí, n ò sọ fún ìyá rẹ. Ṣùgbọ́n mo jíṣẹ́ rẹ fún Ummusalamah, mo ní ẹ̀gbọ́n rẹ ní ó ti tán, máa kà á lọ. Ó sì kà á lọ.

Lẹ́yìn tí èsì jáde ni Tíṣà Afọlábí wá kí wa, kò tilẹ̀ di ọ̀rọ̀ mi sínú. Ó ní kí Ummusalamah kọ ohun tó kọ nínú ìdánwò. Ó fi igi kọ ọ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Tíṣà gba igi náà, ó ya nǹkan kan sórí rẹ̀ bí ìwọ̀ tí a fi ń já ọsàn, ó wá na ọwọ́ ìwọ̀ náà gùn bo àwọn nọ́ńbà náà lórí. Ummusalamah ní òun ò rí èyí lórí fóònù rí. Tíṣà ní gbòǹgbò nìyẹn, àmì ìṣirò tí òyìnbó ń pè ní rúùtù, pé láìsí i gbogbo ìṣirò náà ti wó. Mo ní gbòǹgbò kẹ̀? Gbòǹgbò wo? Ni ọmọ náà bá gbójú sókè, ó rọra bi mí pé kí ni ẹ̀gbọ́n òun béèrè gan-an lọ́wọ́ mi kí ó tó sọ pé ó ti tán.

Mo sọ ọ́ fún un. Mo sọ ti máńgòrò náà fún un.

Tàófíìkì, gbọ́ ohun tó ṣe. Ó dìde, ó mú ọkọ́, ó lọ ń wa iyẹ̀pẹ̀ bo ìdí igi náà. Ó ń wà á, kò wò mí. Tíṣà náà ń wo ilẹ̀. 

Kí ló dé tí o fi pe àmì orí nọ́ńbà ní gbòǹgbò? Àgbẹ̀ ni mí. Bí o bá béèrè gbòǹgbò lọ́wọ́ àgbẹ̀, ìdí igi ni yóò lọ. Ká ní o sọ pé ìwọ̀ ọsàn ni, ǹ bá ti mọ ibi tí n ó wò. Ẹyin lohùn, ó ti fọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, àfọ́kù rẹ̀ ni ọmọ mi ń tẹ̀.

Ummusalamah ní òun ń bọ̀ ní Èkó, òun máa wá ta omi fún àwọn onítírélà ní Malu Road. Mo ní kó má lọ, kò gbà. Àkànó ló ń gbé e bọ̀, ọmọ náà fúnra rẹ̀ ni yóò fi lẹ́tà yìí lé ọ lọ́wọ́, má kà á sókè létí rẹ̀. Àpò ìwé rẹ̀ wà lábẹ́ iṣu tí mo fi ránṣẹ́ sí ọ, kò mọ̀ pé mo gbé e sí i.

Ní ti owó, orùlé ń jò, ṣùgbọ́n jẹ́ kó máa jò. Owó tí ò bá fi ránṣẹ́ sí mi, fi ra fóònù tí Bíráúsà rẹ̀ ò tíì darúgbó fún un, kí o sì san owó ìdánwò mìíràn. Tí nǹkan bá ṣẹ́kù, rántí pé bàtà mi ti lu.

Ọlọ́run yóò fún ọ ní ohun tí o máa fi tọ́jú rẹ̀. Ọ̀nà rẹ kò ní dí, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní di àpótí òfìfo, ojú kò ní ti àwa òbí rẹ mọ́. Ìyá rẹ ní kí o máa fún un ní ẹ̀kọ láàárọ̀, kì í jẹ búrẹ́dì.

Nígbà tí o bá ti tún iṣẹ́ náà ṣe, má pè mí láti bi mí bóyá gbòǹgbò ń hàn. Àbúrò rẹ ni kí o bi.

Èmi ni bàbá rẹ,
Sàlámì.